Ìbéèrè tí Sísí Mojí Kò Dáhùn

Ohun tó gbà mí lọ́kàn lọ́dún yẹn kò ju ọ̀kan ṣoṣo lọ: kí ni wọ́n bi ẹ̀gbọ́n mi? Gbogbo ilé mọ̀ pé ó lọ ṣe ìdánwò. Gbogbo ilé mọ̀ pé kò yege. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi ohun tí wọ́n bi í tí ẹnu rẹ̀ fi dí, èmi sì rèé, mi ò lè rí ìkòkò tí wọ́n dé kí n má ṣí i wò. Ìyáàmi a máa sọ pé nígbà tí àwọn ń rọbí mi, etí mi ló kọ́kọ́ jáde, pé mo fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn agbẹ̀bí ń sọ kí n tó pinnu bóyá kí n wá. Àkọ́bí ilé wa ni Sísí Mojí. Tó bá wà níbí báyìí, "ẹ" ni màá máa pè é, nítorí ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, ìfọ́tí rẹ̀ sì máa ń dún. Ṣùgbọ́n kò sí níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wá.

Ṣàngó là ń gbé nígbà náà. Ẹ má wo Ṣàngó òní o, tí èèyàn ò lè na ẹsẹ̀ kó má tẹ ọjà ẹlọ́jà mọ́lẹ̀. Ilé wa nìyẹn, oko gbágùúdá nìyẹn, ojú irin nìyẹn lẹ́yìn oko. Ọkọ̀ ojú irin ni aago wa. Bí ti àárọ̀ bá ti fọn, Bàámi á na ọwọ́ sí àpò tí ayùn àti òòlù wọn wà, nítorí káfíńtà ni wọ́n, wọ́n sì wà lára àwọn tó ń kan òrùlé ilé tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ sínú igbó Bódìjà. Ìyáàmi á máa ro ẹ̀kọ lórí iná, igi orógùn á máa kan etí ìkòkò, kó, kó, kó. Ìyá àgbà, ìyá tó bí Bàámi, á ti jókòó ti ọlọ wọn. Ìró ọmọ ọlọ ni mo fi ń mọ bí inú wọn ṣe rí lójúmọ́: bí inú wọn bá dùn, á máa lọ geere, bí ẹnì kan bá ti ṣẹ̀ wọ́n, ata á jìyà. Nínú yàrá ẹnu ọ̀nà ni Bùọ̀dá Làmídì ń gbé, ayálégbé wa, tó ń fọ ìgò ní Yunifásítì. Ìgò ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá gun kẹ̀kẹ́ dé láti ọ̀nà Agbówó nírọ̀lẹ́, tó ń lu aago kẹ̀kẹ́ láìsí ẹni tó dí i lọ́nà, ẹ ó rò pé òun ló ń kọ́ àwọn Òyìnbó níwèé.

Ará Iléṣà ni wá, iyán la sì ń jẹ lálẹ́. Bí èèyàn bá gbé ọ̀kà fún Ìyá àgbà, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á nu ọwọ́, wọ́n á wá béèrè pé ìgbà wo la máa jẹun. Sísí Mojí ló ń gúnyán. Kí ọ̀rọ̀ ìdánwò tó dé, bó bá ti gbé ọmọ odó sókè, ẹnu rẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀: méjìlá lọ́nà mẹ́ta, pìì, méjìlá lọ́nà mẹ́rin, pìì, nígbà tí iyán bá fi máa dán, ó ti ka gbogbo ìsọdipúpọ̀ tán. Ó ti ka ìwé mẹ́fà yanjú. Òun ló ń ka lẹ́tà fún àdúgbò, òun náà ló ń bá wọn kọ èsì. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́ta tí mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wo bí ọ̀rọ̀ ẹni tó wà ní Kánò ṣe ń jáde lẹ́nu ẹni tó wà ní Ṣàngó, ó sì ń yà mí lẹ́nu ju bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń rìn lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà lọ́nà Àpáta nígbà náà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ tíṣà. Ìdánwò méjì ni èèyàn máa ṣe kó tó wọ ibẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní ìwé àti gègé. Ẹni tó bá yege nínú ìyẹn ni wọ́n máa pè padà, kó wá dúró níwájú wọn, kí wọ́n fi ẹnu bi í ní ìbéèrè. Sísí ṣe ti gègé, ó yege, ó sì yege dáadáa. Wọ́n pè é fún ti ẹnu. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó jáde bí ìyàwó tí wọ́n ń sìn lọ. Lọ́sàn-án ó wọlé bí adìẹ tí òjò pa. "Báwo ni?" Ìyáàmi béèrè. "Ó dáa, mà." Ó wọ yàrá, ó dojú bolẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n lẹ orúkọ mọ́ pátákó, Bàámi lọ wò ó. Wọ́n padà dé, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n gbé e ka orí orúnkún, wọ́n ní, "Mojí, kò sí níbẹ̀." Sísí ní, "Mo mọ̀, sà." Kò sunkún. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Mo ti rí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ láti orí tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Ti Sísí Mojí bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé, ó sì wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. Ẹni tó ń fi ojú lásán wọn iyọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń gbé ṣíbí kiri ilé: "Ẹ bá mi tọ́ ọ wò, ṣé iyọ̀ yìí tó?" Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ní ó tó, á lọ bá ẹnìkejì. Nígbà tí ọbẹ̀ bá máa délẹ̀, a ti tọ́ ọ tán. Ó di irun fún mi, ó tú u, ó tún un dì, ó tún tú u, títí orí mi fi ń gbóná bí ìdí ìkòkò. Bí wọ́n bá mú lẹ́tà wá, á ní, "Ẹ gbé e fún Bùọ̀dá Làmídì, kí n má lọ ṣì í kà." Bùọ̀dá Làmídì a sì máa kà á o. Lẹ́tà tí ọkọ ìyá kan kọ pé òun ń bọ̀ wálé lọ́dún, ó kà á pé ọkọ ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, obìnrin náà sì ti di ẹrù tán kí ẹlòmíràn tó gbà á kà. Bí wọ́n bá bi Sísí pé kí ló dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Olódo ni mí. Ẹ̀yin ni ẹ ò tètè mọ̀."

Bàámi kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Bó bá bọ́ sí i, ó bọ́ sí i. Bí kò bá bọ́ sí i, wàá lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ." Kì í ṣe ìhàlẹ̀. Ìyáàmi ti gba ẹ̀rọ ìránṣọ kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn kan ní Òkè-Àdó, wọ́n gbé e sí igun pálọ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó. Bí Sísí bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, ògiri ló ń rọ̀ mọ́. Kì í ṣe pé aránṣọ burú. Ṣùgbọ́n tíṣà ló fẹ́ ṣe láti kékeré, èmi sì ni ẹ̀rí, torí èmi ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, pátákó ìdí ilẹ̀kùn ló sì fi ń kọ́ mi, pẹ̀lú pàṣán. Ẹ̀rọ yẹn padà bọ́ sí ọwọ́ èmi lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Mo fi ṣẹ́ abẹ́rẹ́ títí wọ́n fi ní kí n kúkú lọ máa ta abẹ́rẹ́, bí mo sì ṣe bá ara mi ní Dùgbẹ̀ nìyẹn, láàárín òwú àti bọ́tìnnì, títí di òní.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọpinpin. Ìyáàmi ni mo kọ́kọ́ bi. "Kò jẹun kánú kó tó lọ," wọ́n ní, "ikùn òfìfo kì í fèsì." Mo bi Bàámi níbi tí wọ́n ti ń pọ́n ayùn. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní kí n lọ bu omi wá. Mo bi Ìyá àgbà. "Ẹnu ayé ni. Wọ́n ti yìn ín jù." Mo bi Bùọ̀dá Làmídì, ó tẹ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri kí ọ̀rọ̀ náà lè wúwo. "Bàtà ni," ó ní. "Òyìnbó kì í wo ojú èèyàn, bàtà ló máa ń wò. Èmi tí mò ń bá wọn ṣiṣẹ́ ni mo sọ fún ọ." Mo wo bàtà tòun alára. Ó ti la ẹnu níwájú bí ẹja tó ń wá omi. Nígbà tí mo wá gboyà bi Sísí fúnra rẹ̀ níbi tí a ti ń fọ abọ́, ó da omi abọ́ sí mi lára. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.

Bùọ̀dá Làmídì ló ṣí ìkòkò náà, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣí i. Ọjọ́ Àìkú kan ni, Ìyá àgbà ò tíì ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó ní kí Sísí wá dúró níwájú òun lọ́dẹ̀dẹ̀, òun fẹ́ ṣe bí Òyìnbó fún un, kí ẹ̀rù lè kúrò lára rẹ̀. Ó dé àkẹtẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń fi imú sọ̀rọ̀.

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Mojísọ́lá, sà."

"Mẹ́rìnlá lọ́nà mẹ́fà?"

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Àbí... ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

"O gbà á. Má tún un ṣe. Ọmọ mélòó ni ìyá rẹ bí?"

Ìyáàmi tó ń ṣa ẹ̀wà gbé orí sókè. "Làmídì, irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kì í ṣe èmi. Òyìnbó ni mí báyìí. Wọ́n máa ń bi èèyàn bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí a máa yíjú padà, Sísí ti lọ. Mo rí etí aṣọ rẹ̀ tó ń wọ ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo sì tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ilé wa fún yín, kí ohun tó kàn lè yé yín. Gbogbo Yorùbá ló mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nílé tiwa, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Bàámi wà lọ́mọ ọwọ́ ní Iléṣà, akọ̀wé kan gbé tábìlì jáde, ó ń béèrè iye ọmọ tó wà nílé kọ̀ọ̀kan. Bàbá àgbà fi ọwọ́ kan wọn lórí níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ka márùn-ún. Kí iṣu tuntun tó jáde, ìgbóná ti mú mẹ́ta lọ. Ìyá àgbà ò bá akọ̀wé jà, wọn ò bá ìgbóná jà. Iye ni wọ́n bá jà. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ka ọmọ nílé wa. A kì í ka òròmọdìyẹ. Bí Ìyáàmi bá fẹ́ mọ ẹni tí kò tíì wọlé nírọ̀lẹ́, orúkọ ni wọ́n á máa pè títí ẹnì kan ò fi ní jẹ́. Títí di òní, bí ẹ bá bi mí pé mélòó ni wá, ọjà mi ni màá máa tún tò.

Sísí jókòó sórí igi ìdáná. Kò lé mi. Ó ní, "Ohun tí wọ́n bi mí nìyẹn."

"Pé ọmọ mélòó ni Ìyáàmi bí?"

"Ìyá kan jókòó ti Òyìnbó obìnrin tó ń ṣe ìdánwò náà fún wa, Yorùbá bíi tiwa. Òun ló bi mí. Mo ní a pọ̀, mà. Ó ní pọ̀ bí mélòó? Mo ní Ọlọ́run ló mọ̀, mà. Òyìnbó náà bá kọ nǹkan sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n kọ ọ́ pé mi ò mọ nǹkan kà. Àtìgbà náà, gbogbo ohun tí wọ́n bi mí, ṣe ló ń gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá. Wọ́n ní ọjọ́ mélòó ló wà nínú ọdún. Àjọkẹ́, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ṣùgbọ́n ẹ mọ iye wa."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́?"

"Kí n ka ọmọ Ìyáàmi sílẹ̀ fún àlejò? Bí nǹkan bá wá ṣe ọ̀kan nínú yín ńkọ́? Bó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?" Ó fi etí aṣọ nu imú. "Ẹni tó gbọ́n ì bá ti rí nǹkan sọ. Èmi dúró bí òpó. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé olódo ni mí."

Mo ti ta ọjà fún oríṣiríṣi èèyàn láti ìgbà náà, àwọn kan tilẹ̀ ti wọ̀n mí wò bíi bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì tún fi ohun tó tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nítorí mi. Lọ́jọ́ náà mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe tóbi tó. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé mo ti rí ìdáhùn, ó sì ń jó mi ní ahọ́n. Ó ní kí n búra pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo búra. Mo gbìyànjú pẹ̀lú, ẹ bá mi dúpẹ́: ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, mi ò sọ. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ fi máa fọn, mo ti lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ Ìyá àgbà.

Ọmọ ọlọ dúró. Ata wà lórí ọlọ, wọn ò kó o. Ìyá àgbà ṣan ọwọ́, wọ́n wọ yàrá, wọn ò jáde títí oòrùn fi kan àtàrí. Mo ti ń ronú ibi tí mo máa sá lọ kí Bàámi tó ti Bódìjà dé. Ọ̀sán ni wọ́n jáde, wọ́n jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n pe Sísí wá.

"Mojí, ṣé èmi ni mo dí ọ lọ́nà?"

"Rárá o, Ìyá àgbà."

"Má purọ́ fún mi. Àjọkẹ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í pa irọ́ mọ́ ọn." Sísí yíjú wò mí. Bí ìwò bá ń pani, ẹlòmíràn ni ì bá máa sọ ìtàn yìí fún yín.

"Ẹ̀yin lẹ ní ká má ka ọmọ, mà."

"Mo ní ẹ má kà á. Ṣé mo ní kí o má sọ ìdí tí o ò fi kà á ni? Wọ́n bi ọ́ ní ọ̀rọ̀, ìwọ sì ní ìdí tí o ò fi fèsì. Ẹni tó ní ìdí, ṣé olódo nìyẹn? Ẹni tí ò mọ ìdí tó fi ń ṣe nǹkan ni olódo. Wọ́n pọ̀ nígboro, àwọn míì ń gun kẹ̀kẹ́." Bùọ̀dá Làmídì, tó sáré wálé jẹun ọ̀sán, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé ti ẹ̀, tẹ̀ ẹ́ ti ògiri padà.

Ìyá àgbà ní kí n kó abọ́ wá, gbogbo abọ́ tánganran tí a fi ń jẹun alẹ́. Mo tò wọ́n sílẹ̀. "Kà wọ́n," wọ́n sọ fún Sísí. Ó wo ojú wọn bóyá ẹ̀tàn ni. Ó kà á. Mẹ́sàn-án.

"Ṣé nǹkan ṣe ẹnikẹ́ni?"

"Rárá, mà."

"Abọ́ ò ní ẹ̀mí tẹ́nikẹ́ni lè gbà. Bí wọ́n bá tún bi ọ́, kọ́kọ́ sọ ìdí rẹ fún wọn, kí o wá sọ pé abọ́ mẹ́sàn-án la ń gbé sílẹ̀ lálẹ́, mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ ti àgbà. Èyí tó bá kù, kí wọ́n fúnra wọn yọ ọ́. Ṣebí àwọn ni tíṣà." Sísí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lẹ orúkọ. Ẹ̀yin náà, ẹ lè yọ ọ́ bó bá wù yín. Mi ò sí níbẹ̀.

Ẹ má rò pé ọjọ́ náà ni gbogbo rẹ̀ tán. Ìbẹ̀rù dà bí èéfín, bí iná bá kú tán, aṣọ á ṣì máa rùn. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, Sísí tún gbé ṣíbí ọbẹ̀ kiri. "Bí wọ́n bá wá bi mí ní òmíràn ńkọ́?" ló ń sọ fún Ìyáàmi. Ìyáàmi bá gbé òfin kalẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba iyán lọ́wọ́ Mojí, kó kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè kan, kí Mojí sì dá a lóhùn kí ó tó gbé abọ́ fún un. Ìbéèrè wo la ò bi í tán? Èmi bi í pé kí ló dé tí ewúrẹ́ kì í wẹ̀. Ó ní, "Ìwọ náà kì í fẹ́ wẹ̀, sọ tìrẹ ká gbọ́," ó sì gbé abọ́ mi fún mi. Mo rí i pé ohùn rẹ̀ ti ń padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Bàámi ni mo ti rí i tí ara rẹ̀ yá. Wọ́n gbé pákó kan wálé lọ́jọ́ kan, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àpótí, wọ́n ní, "Mojí, ẹsẹ̀ méjìlá ni pákó yìí. Mo fẹ́ gé e ní ẹsẹ̀ kan àti ààbọ̀. Ọ̀nà mélòó ló máa jẹ́?"

"Mẹ́jọ, sà."

Bàámi mi orí. "Méje ni."

Mo wo Sísí. Sísí wo pákó. Ní oṣù tó kọjá, á ní bóyá Bàámi ló tọ̀nà, á sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ pákó. Ó tún un ṣírò, ètè rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Ó kúnlẹ̀, nítorí bàbá rẹ̀ ni, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mẹ́jọ ni."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ẹ wọ̀n ọ́n, sà."

Bàámi yọ rúlà, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dé orí ìkẹjọ. Wọ́n ti pẹ́ńsù bọ etí, wọ́n gbé ayùn. Ó pẹ́ kí n tó ronú ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Káfíńtà tí kò mọ ìyẹn, ta ló fẹ́ gbé òrùlé fún un kàn? Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ló fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ òun lè dúró ti ohun tó mọ̀. Láti ọjọ́ náà, Sísí fúnra rẹ̀ ló ń wọn iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, ó pọ̀ jù. A jẹ ẹ́, a ò sọ̀rọ̀.

Ọyẹ́ dé, ìdánwò dé. Ó tún ṣe ti gègé, wọ́n tún pè é fún ti ẹnu. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá àgbà wé gèlè, wọ́n ní àwọn náà ń lọ. "Mo fẹ́ fi ojú mi rí àwọn tó ń ka ọmọ ọlọ́mọ." Wọ́n ní kí n wá bá wọn di ọ̀pá mú. A wọ bọ́lẹ̀kájà dé Dùgbẹ̀, a tún wọ òmíràn lọ sọ́nà Àpáta. Nígbà tí a débẹ̀, Sísí wọlé, Ìyá àgbà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, èmi sì wá òkúta kan gbé sábẹ́ fèrèsé. Ẹ mọ̀ mí.

Mo rí Òyìnbó obìnrin, ó wọ awò. Mo rí ìyá Yorùbá tó jókòó tì í, ó wé gèlè aró. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, mi ò gbọ́ ọ, Sísí ló wá túmọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ìyá náà wo ìwé, ó wo Sísí, ó ní, "Ìwọ lo wá lọ́dún tó kọjá. Ṣé o ti mọ iye tẹ́ ẹ jẹ́ nílé yín báyìí?" Mo rí i pé èjìká Sísí gbé sókè. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò lọ sókè, kò sì wárìrì. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n lọ́dún tó kọjá náà, mà. A kì í ka ọmọ nílé wa ni. Ìyá bàbá mi ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní ìdí." Ó sọ ti Iléṣà fún wọn, ti tábìlì, ti ìgbóná. Lẹ́yìn náà ló sọ ti abọ́. Òyìnbó náà fi ìka ka nǹkan lórí tábìlì, ó wá sọ iye kan, ó ń wo ojú Sísí bóyá òun gbà á. Sísí ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, mà."

Ìyá Yorùbá náà dìde wá sí fèrèsé. Mo já bọ́ lórí òkúta. Ó rí Ìyá àgbà lábẹ́ igi, ó kúnlẹ̀ láti inú ilé, orí gèlè rẹ̀ nìkan là ń rí. "Ẹ kú ìjókòó o, mà. Ọmọ yín ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má máa ka ọmọ."

"Èmi ni. O ṣeun, ọmọ mi." Ìyá àgbà wò ó. "Ìwọ náà ńkọ́? Mélòó lo bí?"

Ìyá náà la ẹnu. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo Òyìnbó, ó tún wo Ìyá àgbà. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mà," ó ní. "Wọn ò kéré." Òyìnbó béèrè nínú ilé pé kí ni màmá yẹn ń sọ. Kò túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Nígbà tí Sísí jáde, mo so mọ́ aṣọ rẹ̀. "Ṣé ẹ mọ gbogbo rẹ̀?"

"Ọ̀kan wà tí mi ò mọ̀. Wọ́n bi mí ní orúkọ òkè kan ní ilẹ̀ òkèèrè."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Wọ́n bá bi mí ní òmíràn." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé omi tí òun ń bẹ̀rù kò ju orúnkún lọ.

Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Bàámi lọ wo pátákó lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò tíì lẹ nǹkan kan. Lọ́dún yẹn, lẹ́tà ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dé, gbogbo wa sì wà nílé. Bùọ̀dá Làmídì na ọwọ́ láti gbà á, Sísí ní, "Ẹ ṣeun, Bùọ̀dá. Èmi ni mo ni ín." Ó já a. Ó kà á sínú láti òkè dé ilẹ̀, ojú rẹ̀ ò yí padà. Ìyáàmi dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀wà. Kò sẹ́ni tó lè bi í.

Ó wá kà á síta, ní Yorùbá, bó ṣe máa ń ka lẹ́tà àwọn ará àdúgbò. "Wọ́n ní kí n mú búláńkẹ́ẹ̀tì kan wá. Garawa kan. Aṣọ funfun méjì. Bàtà dúdú kan."

"Ta ló fẹ́ lọ máa kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún wọn?" Ìyá àgbà béèrè. Ìyáàmi ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Àti àpótí onígi kan," Sísí ní, "tó ní àgádágodo."

Bàámi dìde, wọ́n wọ yàrá, a gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ nǹkan wò nínú àpò irinṣẹ́. Wọ́n jáde pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Sísí bí ẹni tó fẹ́ wọn bàtà fún un.

"Wo ìwé yẹn dáadáa," wọ́n ní. "Báwo ni wọ́n ní kí àpótí náà gùn tó?"